Orúkọ tí Sùlè Fi Sílẹ̀ Ní Ekóòlù

Ẹni tó bá dàgbà ní Kétu láyé ìgbà tí Faransé ń ṣe ìjọba Dàhòmì á mọ Sùlè alábẹ́rẹ́. Kò lówó, kò sì joyè kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá. Láti Ìdígnì títí dé Kpánkù, bí ọkùnrin kan bá fẹ́ aṣọ tí yóò fi kírun ọdún, tí àwọn èèyàn á fi yíjú pa dà wò ó, ọ̀dọ̀ Sùlè ló ń gbé e lọ. Ó gbọ́ kéú, kì í jà, kì í ṣòfófó. Èèyàn rere ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù, torí bó bá jẹ́ èèyàn burúkú ló ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtìjú rẹ̀ ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀bí ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí Sìdíkù, ẹ sì mọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí lójú òbí. Sùlè kò fẹ́ kí ọmọ yìí rìn jìnnà ju ibi tí ojú òun lè dé lọ. Ilé-kéú wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n Sùlè ní alùfáà ibẹ̀ mọ pàṣán í lò ju bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ lọ, òun kò sì bímọ fún pàṣán. Ó ní ilé ni òun yóò ti kọ́ ọmọ òun.

Ó sì kọ́ ọ dáadáa, ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Sìdíkù á jókòó tì í lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pátákó wàláà á wà lórí itan rẹ̀, á máa ka ohun tí bàbá rẹ̀ fi gègé àti tàdáà kọ sára rẹ̀. Sùlè á máa ránṣọ lọ. Bí ọmọ bá ṣi ibì kan kà, kò ní lù ú, kò sì ní bá a wí. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á kàn dúró sójú kan. Sìdíkù á rí i pé abẹ́rẹ́ ti dúró, á pa dà sẹ́yìn, á tún un kà títí abẹ́rẹ́ á fi tún máa lọ. Lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, bí wọ́n ṣe ń jẹun láwùjọ, bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́ kódà bó bá korò. Àwọn èèyàn máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti sọ ara rẹ̀ di alùfáà ọlọ́mọ kan. Kì í bínú sí wọn.

Ọmọ kejì wà nínú ilé náà. Ràṣídì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àyìsátù, àbúrò Sùlè lóbìnrin. Òjò ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti Sìdíkù. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kan ní Ìdígnì, kú kí wọ́n tó bí i. Àyìsátù pọ̀n ọ́n wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibà sì pa òun náà nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́ta. Kó tó kú, ó di ọwọ́ Sùlè mú. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ pé òun ò ní bàbá." Sùlè ní kò ní mọ̀. Ó búra.

Ó gbìyànjú o. Inú àwo kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń jẹun, "Bàbá" ni àwọn méjèèjì ń pè é. Ṣùgbọ́n wàláà kan ṣoṣo ló wà lórí ẹní. Bí Sìdíkù bá ń kàwé, ìdí ewúrẹ́ ni Ràṣídì máa wà, tàbí ọ̀nà kànga. Lọ́jọ́ kan, Sùlè gbọ́ ọ níwájú ilé, ó ru koríko ewúrẹ́ sórí, ó ń ka súrà gígùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ibì kankan. Ẹni tí kò rí wàláà fọwọ́ kàn! Sùlè gbọ́ ọ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1928, Kòmándà, ajẹ́lẹ̀ Faransé, ránṣẹ́ pé ekóòlù, ilé-ìwé àwọn òyìnbó ní Kétu, gbọ́dọ̀ kún, pé kí agbo-ilé kọ̀ọ̀kan mú ọmọkùnrin kan wá. Èṣùgbàyí, olórí àdúgbò, ló ń mú akọ̀wé kiri. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Sùlè rárá, Èṣùgbàyí ti pe orúkọ ọmọ tó mọ̀ sí ilé náà, akọ̀wé sì ti kọ ọ́: Sìdíkù, ọmọ Sùlè. Nígbà tí wọ́n sọ fún Sùlè, ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Wọ́n ti kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ nínú ilé wọn rí. Àlíù ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà ogun Faransé àti Jámánì, wọ́n kọ orúkọ Àlíù, wọ́n mú un lọ, títí dòní kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àìmọye ará Kétu ló sá kọjá sí Mẹ̀kọ lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà nítorí ìwé orúkọ yẹn. Lójú Sùlè, ekóòlù àti ogun, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ohun tí àwọn èèyàn sì ń ṣe nígbà náà, ẹ má rò pé ó pa mọ́. Wọ́n á fi ọmọ tiwọn sóko, wọ́n á mú ọmọ òrukàn inú ilé lọ, tàbí ọmọ àlejò, tàbí ọmọ ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jà. Wọ́n ní òyìnbó kàn ń ka orí ọmọ ni, kò mọ ojú. Sùlè náà ò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé òyìnbó, kí ló kàn án? Wọ́n ní àwọn fẹ́ ọmọ kan, yóò fún wọn ní ọmọ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa wọ ekóòlù, ó ní kí Ràṣídì wẹ̀, ó sì gbé bùbá tuntun Sìdíkù wọ̀ ọ́.

"Bí wọ́n bá pe Sìdíkù níbẹ̀, kí o jẹ́ ẹ."

"Èmi, Bàbá?"

"Ìwọ."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó wo bùbá ọrùn rẹ̀, ó wo Sìdíkù tó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"Títí ó fi máa sú wọn," ni Sùlè wí.

Kò sú wọn. Àwọn bàbá yòókù ń yọ ọmọ tí wọ́n mú wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ní ọmọ ń ṣàìsàn, tọ̀hún ní ó ti sá lọ. Sùlè kò rí Ràṣídì yọ, torí olùkọ́ ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Barnabé ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà, ará Àjàṣẹ́, olú-ìlú Dàhòmì, ni, ẹ̀yà Gùn ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè Nàgó bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Mùsé ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Báyìí ni Ràṣídì ṣe ń jáde nílé láàárọ̀, á di Sìdíkù lẹ́nu ọ̀nà ekóòlù, á sì pa dà di Ràṣídì nígbà tó bá délé tí Àbẹ̀bí ní kó lọ pọnmi. Ọdún ń gorí ọdún. Ọmọ tí wọ́n rò pé yóò lọ kú sọ́hùn-ún kò kú. Ó ń ga sí i ni, ó ń gbọ́n sí i. Nírọ̀lẹ́, òun àti Sìdíkù á máa fi igi kọ nǹkan sórí yẹ̀pẹ̀, èyí á kọ́ tọ̀hún ní lẹ́tà Faransé, tọ̀hún á kọ́ èyí ní kéú. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé ó máa ń ká Àbẹ̀bí lára.

"Ẹ bọ́ orúkọ lọ́rùn ọmọ mi, ẹ fi wọ ọmọ ẹlòmíì," ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Sìdíkù, ìwé òyìnbó lásán ni," Sùlè á dáhùn.

Ó di ọdún 1935 kó tó mọ̀ pé kì í ṣe ìwé lásán. Sìdíkù ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti parí Kùránì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti yá lórí abẹ́rẹ́ débi pé àwọn oníbàárà ò mọ ọnà tí bàbá ṣe yàtọ̀ sí tọmọ. Ṣùgbọ́n Sùlè ti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ dúró de abẹ́rẹ́ ọwọ́ mọ́; aṣọ ẹ̀rọ ni wọ́n ń wá. Ó fẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́, kó lọ kọ́ ẹ̀rọ fún ọdún méjì. Ẹni tó bá fẹ́ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nígbà náà gbọ́dọ̀ gba ìwé ní bírò, ọ́fíìsì Kòmándà. Wọ́n jọ lọ. Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá, ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ.

"Sìdíkù, ọmọ Sùlè, Kétu. Òun rè é. Ọmọ ekóòlù ni, mo mọ ojú rẹ̀, ó ń ṣe ìdánwò lóṣù tó ń bọ̀." Ó gbójú sókè, ó wo Sìdíkù láti òkè délẹ̀. "Ta wá ni ìwọ?"

Sìdíkù wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wolẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, a ń bọ̀," ni Sùlè wí, ó fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Lójú ọ̀nà ni ọmọ bi í léèrè: "Bàbá, ṣé èmi ò sí nínú ìwé wọn ni?" Sùlè ní kó yára rìn, oòrùn ń mú. Ọmọ tí kò jẹ́ kí alùfáà kankan fọwọ́ kàn, tó fi gbogbo òwúrọ̀ ayé rẹ̀ jókòó tì, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ di ẹni tí kò sí. Kò lè lọ kọ́ṣẹ́. Kò lè rìn kọjá oko bàbá rẹ̀ kí gáàdì ìjọba má béèrè ẹni tó ń jẹ́. Sùlè ń rìn, etí rẹ̀ ń gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí láàárín ọjà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Ràṣídì yege. Sẹ̀tìfíkà! Àwọn mẹ́ta péré ló gbà á ní Kétu lọ́dún náà. Mùsé Barnabé ránṣẹ́ pé ọmọ yóò máa lọ sí ekóòlù ńlá ní Àjàṣẹ́, pé kí bàbá rẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀ wá tẹ̀ka sí ìwé. Àbẹ̀bí ò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹni tó jíṣẹ́ náà jìnnà kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Sìdíkù, ẹ lọ sọ bó ṣe jẹ́. Kí wọ́n dá orúkọ ọmọ mi pa dà fún un. Èmi ni mo rọbí rẹ̀, lójú mi ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò bí ọmọ tí ò lórúkọ."

"Ràṣídì ńkọ́?"

"Kó lọ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló bú sẹ́kún, torí kì í ṣe obìnrin òǹrorò. Òun ló fún Ràṣídì lóúnjẹ láti kékeré.

Sùlè lọ bá Èṣùgbàyí, bóyá àgbàlagbà yóò mọ ọ̀nà kan. Èṣùgbàyí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Sùlè, ìwọ náà! Ta ni kò ṣe é? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni mo fi dípò tèmi, ó sá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ tán. Tìrẹ ló lọ yege sí ọ lọ́rùn! Ọmọ tí o fi ránṣẹ́ gbọ́n jù, ẹjọ́ tìrẹ nìyẹn." Ó tún rẹ́rìn-ín. Sùlè rẹ́rìn-ín díẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí àgbà, ó sì kórìíra ẹ̀rín náà lẹ́nu ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ro ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá dákẹ́, Ràṣídì yóò lọ, Sìdíkù yóò sì máa bẹ láyé láìsí níwèé. Bó bá sọ̀rọ̀, Sìdíkù yóò gba orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹ́ kù fún Ràṣídì lẹ́yìn ọdún méje? Èrò kẹta tún wá sí i. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èmi yóò sọ ọ́: pé kí Sìdíkù kúkú gbé sẹ̀tìfíkà náà lọ sí Àjàṣẹ́. Ta ló mọ ojú wọn níbẹ̀? Orúkọ rẹ̀ kúkú ni. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó ka ìlà kan fún òun nínú ìwé Ràṣídì. Sìdíkù ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó há sí ẹ̀kẹrin, ó rẹ́rìn-ín.

"Ràṣídì ló mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n pè é."

"Má pè é," ni Sùlè wí. Ojú tì í débi pé kò lè wo ọmọ náà títí ó fi jáde.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó ní kí Ràṣídì wá jókòó ti òun. Ọmọ náà ń ṣiyèméjì, torí kò jókòó sórí ẹní yẹn rí.

"Orúkọ yẹn," ni Sùlè wí, "o mọ̀ pé Sìdíkù ló ni ín."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Bí mo bá gbà á pa dà fún un lọ́la, kí lo máa ṣe?"

Ràṣídì rò ó díẹ̀. "Màá pa dà sídìí ewúrẹ́," ó ní. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sunkún. Ó dìde, ó wọlé, ó fa ìwé sẹ̀tìfíkà jáde láàárín ìwé kàyé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Sùlè. "Ẹ gbà á, Bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ mi."

Ì bá sàn fún Sùlè kí ọmọ náà bú u. Kò lè fọwọ́ kan ìwé náà. Ó ní kó gbé e pamọ́, ó ní kó lọ jẹun, ó ní kó wo ewúrẹ́, ó ń to ọ̀rọ̀ jọ lórí ara wọn kó má baà sọ èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun kò ní lọ gba orúkọ náà pa dà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ekóòlù kì í ṣí, ó mú àwọn méjèèjì dání lọ sílé olùkọ́. Ó ti pinnu. Ó ń ka ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ èémí títí dé ibẹ̀: Mùsé, ẹ dárí jì mí, èyí kì í ṣe Sìdíkù, èyí ni Sìdíkù. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má dá sí i, òun ni yóò sọ̀rọ̀.

Agathe, ìyàwó olùkọ́, gbé àga fún un, ó bu omi wá. Inú Barnabé ń dùn ṣìnkìn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá Sìdíkù! Ẹ kú oríire o! Ẹ jókòó. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún méje, mo fẹ́ sọ ọ́ lójú yín lónìí." Sùlè jókòó. "Ọdún tí mo dé síbí, ọmọ mọ́kàndínlógún ni wọ́n kó fún mi. Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Ọmọ òrukàn, ọmọ àlejò! Àwọn èèyàn ńlá fi ọmọ tiwọn pamọ́ sóko. Bí mo bá bi ọmọ léèrè bàbá rẹ̀, á máa wo ògiri. Tiyín nìkan ló wò mí lójú. Ó ní alábẹ́rẹ́ ni bàbá òun, kò sì sí ẹni tó lè ṣe é bíi tiwọn. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún Agathe pé ọkùnrin kan wà ní Kétu tó mú ọmọ inú ara rẹ̀ wá. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Kòmándà bẹ́ẹ̀. Bí bàbá kan bá wá parọ́ fún mi, ẹ̀yin ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún un."

"Lóòótọ́ ni," Agathe ní. "Ó máa ń sọ ọ́."

Ẹ bá mi wo Sùlè níbi tó jókòó sí. Ìyìn yẹn ń bó o lára ni. Òógùn bò ó lábẹ́ fìlà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kà bọ̀ láti ilé ti tú ká. Ó gbé omi mu.

"Mùsé," ó ní, "ọ̀rọ̀ kan wà..."

"Ẹ jẹ́ kí n parí. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò báyìí? Lọ́dún tó kọjá, ní abúlé kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n rí ọmọ kan tó ń fi orúkọ ọlọ́rúkọ kàwé. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé! Wọ́n ya sẹ̀tìfíkà rẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n ní kò kàwé rí. Bàbá tó ṣe é fi oṣù kan ro ojú ọ̀nà, gáàdì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò kàn yín. Kí lẹ fẹ́ sọ?"

"Kò sí," ni Sùlè wí. "Mo fẹ́ dúpẹ́ ni."

Ṣé nítorí Ràṣídì ló ṣe pa á mọ́nú, kí wọ́n má baà ya ìwé ọmọ náà? Àbí nítorí ojú ọ̀nà tí wọ́n máa ní kó ro? Àbí nítorí ìyìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bò ó, tí kò fẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ lójú Agathe? Títí tó fi darúgbó, kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé nítorí Ràṣídì ni.

Olùkọ́ yíjú sí Sìdíkù tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Èyí ńkọ́? Háà, èyí jọ yín ju Sìdíkù lọ! Imú yín gan-an rè é. Kí lorúkọ rẹ?"

Bàbá ti ní òun ni yóò sọ̀rọ̀, ọmọ sì dúró dè é. Ó dúró títí Agathe fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sùlè la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún la ẹnu. Sìdíkù rí i.

"Ràṣídì ni mò ń jẹ́, Mùsé."

Ràṣídì tòótọ́ ta gìrì.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ àbúrò wọn obìnrin."

"Ìyá rẹ dà?"

"Ó ti kú."

"Bàbá rẹ?"

Sìdíkù wolẹ̀. "Òun náà ti kú, Mùsé."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́." Barnabé mi orí, ó kọjú sí Sùlè. "Ẹ tún ń tọ́ ọmọ òrukàn mọ́ tiyín! Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣé ó ti níwèé? Kò ní? Ẹ má dààmú. Màá kọ lẹ́tà sí akọ̀wé bírò, wọ́n á ṣe é fún un." Ó jókòó, ó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì kà á fún wọn bó ṣe ń kọ ọ́: Ràṣídì, kò ní bàbá, kò ní ìyá, ó ń gbé lọ́dọ̀ Sùlè.

Àyà Sùlè rọ̀. Sìdíkù yóò rí ìwé gbà, yóò lọ kọ́ ẹ̀rọ. Ràṣídì yóò lọ sí ekóòlù ńlá. Gáàdì kankan kò ní wá. Ara tù ú, ẹ gbọ́, ara tù ú! Ìyẹn ló wá dójú tì í jù lọ, pé ara lè tu òun ní irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé tàdáà síwájú rẹ̀. Ó tẹ àtàǹpàkò sí ìwé kan tó sọ pé òun bí ọmọ tí òun kò bí. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí èkejì tó sọ pé òkú ló bí ọmọ òun.

Wọ́n ń bọ̀ nílé. Ràṣídì wà lẹ́yìn, ó ń fi apá nu ojú. Sìdíkù ń rìn níwájú, ó di lẹ́tà náà mú bí wọ́n ṣe fún un. Sùlè fẹ́ bá a sọ nǹkan. Kí ló fẹ́ wí? Ṣé kó ní o ṣeun? Bàbá wo ló ń dúpẹ́ irú èyí lọ́wọ́ ọmọ? Ó mọ̀ pé ọmọ náà kò parọ́ rí láyé rẹ̀.

Àbẹ̀bí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n, ìyẹ̀fun àgbàdo kún ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé wọ́n gbà? Ṣé wọ́n dá a pa dà fún un?"

Sùlè ní ó ti rẹ òun, kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n Sìdíkù kò wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Wọ́n bi mí pé ìyá mi dà. Mo ní ẹ ti kú."

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Àbẹ̀bí. Nígbà tó yé e, ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun dì mọ́ ọyàn rẹ̀. "Èmi? Èmi tí mo dúró níbí yìí? Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Sìdíkù, ìwọ ni mò ń bá wí. Ta ló kọ́ ọ?"

Ọmọ kò gbórí sókè. Sùlè ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó gbé e pa dà síta.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọ."